Ilé tó ń gba àkókò láti ojú ọ̀run: Bí áńtẹ́nà kékeré lórí páànù ṣe lè di aago gbogbo kọ̀ǹpútà



Nígbà tí rédíò oníbátìrì ṣì jẹ́ ọ̀gá nínú pálọ̀, láti Freetown títí dé Maiduguri, àwọn àgbà kan wà tí wọn kì í gba ohun tí aago ara ògiri bá sọ gbọ́. Bí ó bá ti ku díẹ̀ kí wákàtí pé, wọ́n á yí rédíò sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á bọ́ aago ọwọ́ wọn, wọ́n á sì dákẹ́.

Ìró kúkúrú márùn-ún á dún, ìkẹfà á gùn díẹ̀. Ibi tí ìkẹfà bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wákàtí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń yí aago wọn sí. Ọjọ́ 5, oṣù Kejì, ọdún 1924 ni ìró náà kọ́kọ́ jáde lórí rédíò BBC.

Lónìí, fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò tí wọ́n bá fẹ́ mọ aago tó lù. Ìbéèrè tí kì í sábà wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni pé: ta ló sọ fún fóònù? Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ńkọ́, ta ló ń sọ fún òun náà?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Ó tún dá lórí bí ìdílé kan, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tàbí ṣọ́ọ̀bù kan ṣe lè ní orísun àkókò tirẹ̀, pẹ̀lú áńtẹ́nà tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ.

Ọjọ́ tí okùn abẹ́ òkun já

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ lójijì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló bàjẹ́ ní agbègbè omi òkun Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire.

Ní Nàìjíríà, ní Ghana, ní Liberia àti ní Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀, àwọn bánkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n kọ́kọ́ pariwo. Owó kò lọ, ìwé kò wọlé, iṣẹ́ dúró. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún gbogbo okùn náà ṣe tán.

Owó tí kò lọ ni gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: ọ̀nà kan náà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé ni àkókò ń gbà wọ inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní agbègbè yìí.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ aago?

Inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni òkúta kékeré kan wà tí iná ń mú gbọ̀n. Bí ó ṣe ń gbọ̀n ni ẹ̀rọ náà fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí èyí tó péye tán nínú wọn. Ooru inú yàrá sì tún ń yí i padà.

Bí òkúta náà bá fi ìdá 20 péré nínú mílíọ̀nù kan sáré jù, aago kọ̀ǹpútà náà á fi ìṣẹ́jú àáyá 1.7 ṣíwájú lójúmọ́. Láàárín oṣù kan, ó ti ń lọ sí ìṣẹ́jú kan.

Nítorí èyí, kọ̀ǹpútà máa ń béèrè àkókò lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ètò tí wọ́n fi ń bi ara wọn ni wọ́n ń pè ní NTP. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Mills ti Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1985. Mills dágbére fáyé ní oṣù Kìíní, ọdún 2024, oṣù méjì péré ṣáájú ìgbà tí okùn abẹ́ òkun já.

Bí NTP ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ká ní ìyá kan rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò láti lọ béèrè aago tó lù. Kí ọmọ tó padà dé, ohun tí wọ́n sọ fún un ti gbó díẹ̀.

Ìyá tó bá gbọ́n á kọ ìgbà tí ọmọ jáde àti ìgbà tó wọlé sílẹ̀. Aládùúgbò náà á kọ ìgbà tí ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ìgbà tó kúrò. Láti inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyá á mọ iye ìṣẹ́jú tí ọmọ lò lójú ọ̀nà, á pín in sí méjì, á sì fi ìdajì kún aago tí wọ́n sọ.

Bí àlọ àti àbọ̀ bá gba ìṣẹ́jú kan náà, ìṣirò yẹn péye. Àmọ́ bí ọmọ bá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nígbà tó ń bọ̀, àṣìṣe wọlé nìyẹn. Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó, tí èrò sì pọ̀ tó lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe náà ṣe máa ń pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà kan ní Jos tó ń béèrè aago lọ́wọ́ sáfà kan ní Yúróòpù, ọ̀nà jíjìn ló ń rán ọmọ rẹ̀ lọ.

Ìpele ìpele ni àwọn aago wọ̀nyí tò. Aago átọ́míìkì fúnra rẹ̀ ni ìpele 0. Sáfà tó gbọ́ tààrà lẹ́nu rẹ̀ ni ìpele 1. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ìpele 1 di ìpele 2, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sísàlẹ̀. Ilé tó bá ní áńtẹ́nà tó ń gbọ́ sátẹ́láìtì lè ní sáfà ìpele 1 tirẹ̀, láàárín yàrá rẹ̀.

Ohun kan tún yẹ ní mímọ̀: sáfà àkókò kò mọ Abuja, kò sì mọ Accra. Àkókò kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò, tí wọ́n ń pè ní UTC, ló ń fún gbogbo èèyàn. Kọ̀ǹpútà tó wà ní Nàìjíríà tàbí orílẹ̀-èdè Benin á fi wákàtí kan lé e. Èyí tó wà ní Togo tàbí Ghana kò ní fi nǹkan kan lé e. Ìdí nìyẹn tí sáfà kan náà fi lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wà ní Cotonou àti ẹni tó wà ní Lomé.

Kí ni aago tí kò péye lè bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ní Lokoja ṣe àpẹẹrẹ. Páànù ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Nínú yàrá iwájú, onílé gbé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá kalẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò JAMB lórí ẹ̀rọ. Kámẹ́rà CCTV kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òmíràn ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà.

Iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà náà ti gbó, bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago inú wọn sì ti kú. Bí wọ́n ṣe tàn, wọ́n gbà pé ọdún 2012 ni wọ́n wà.

Kọ̀ǹpútà tó bá ṣìnà báyìí kò ní gbà láti ṣí ọ̀pọ̀ ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú òpó kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí tó fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Lójú ẹ̀rọ tó rò pé ọdún 2012 ni, ìwé ẹ̀rí ọdún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ó ka ojú òpó náà sí ti àwọn oníjìbìtì.

Nọ́ńbà àṣírí tí áàpù ń pèsè lórí fóònù fún ẹni tó fẹ́ wọ àkáǹtì rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30, àkókò sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bí aago fóònù àti ti ibi tó fẹ́ wọ̀ kò bá bára mu, nọ́ńbà tó tọ̀nà á di èyí tí wọ́n kọ̀.

Ká wá ní olè wọlé lóru, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà sọ pé ọkọ̀ kan dúró ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 10. Kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé sọ pé aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 43 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà. Ṣé ọkọ̀ yẹn ló gbé e ni, àbí ọkọ̀ mìíràn? Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kò ní wá ìbéèrè mìíràn lọ síbì kankan.

Ṣé díìṣì tẹlifíṣàn kò lè ṣe é?

Ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ló ti ní díìṣì lórí òrùlé, kò sì sí àdúgbò tí kò ní ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Àmọ́ iṣẹ́ díìṣì àti iṣẹ́ áńtẹ́nà àkókò yàtọ̀ síra.

Sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn wà ní nǹkan bí 35,786 kìlómítà lókè ìlà tó pín ayé sí méjì. Bí ayé ṣe ń yí ló ń bá a yí, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ojú kan ló dúró sí. Díìṣì gbọ́dọ̀ kọjú sí i gan-an.

Fún sátẹ́láìtì tó wà ní dígírì 36 ìlà oòrùn, àmì á máa bọ̀ wá sí Èkó láti ìlà oòrùn tó fi díẹ̀ tẹ̀ sí gúúsù, ní nǹkan bíi dígírì 51 sókè. Ní Kánò, yóò túbọ̀ tẹ̀ sí gúúsù, yóò sì ga tó dígírì 55. Bí afẹ́fẹ́ bá fi díẹ̀ ti díìṣì náà, àwòrán ti lọ nìyẹn.

Sátẹ́láìtì tó ń gbé àkókò kò dúró sójú kan. Ti GPS, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bójú tó, wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n lé ní 24. Áńtẹ́nà wọn kò nílò láti kọjú sí ibì kan. Ohun tó nílò ni kó rí gbogbo ojú ọ̀run.

Aago átọ́míìkì wà nínú sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń kéde lọ́sàn-án lóru kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: ibi tí wọ́n wà, àti àkókò tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti àmì rédíò ń rìn tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àṣìṣe ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá á gbé èèyàn kúrò níbi tó wà lọ sí 300 mítà. Ọ̀pọ̀ ń pe GPS ní máàpù, ṣùgbọ́n aago ni kó tó di máàpù.

GPS nìkan kọ́ ló wà lókè. Rọ́ṣíà ní GLONASS, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà sì ní BeiDou. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun lè gbọ́ ju ẹyọ kan lọ nínú wọn.

Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn pátápátá. Sátẹ́láìtì NigComSat-1R, tí wọ́n rán lọ sójú ọ̀run láti Ṣáínà ní oṣù Kejìlá, ọdún 2011, ní ẹ̀rọ kan nínú tó lè gbé àtúnṣe àmì GPS. Ní ọdún 2020, ASECNA, àjọ tó ń rí sí ààbò ìrìnnà òfurufú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi í dán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò fún àwọn bàálù.

Kí ni onílé nílò?

Ohun mẹ́rin ló ṣe pàtàkì. Èkíní ni kọ̀ǹpútà kékeré tí kì í jẹ iná púpọ̀, irú bíi Raspberry Pi. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń gba àmì GPS. Ẹ̀kẹta ni áńtẹ́nà òde pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni bátìrì tó lè gbé wọn ró nígbà tí kò bá sí iná.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi owó ná ni ẹ̀rọ GPS. Ohun méjì ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lè ṣe. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà kan pé aago báyìí ló lù. Lórí wáyà kejì, tí wọ́n ń pè ní PPS, ó ń lù lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá rántí ìró mẹ́fà orí rédíò á ti mọ ìyàtọ̀ wọn. Olùkéde ló ń sọ wákàtí tó jẹ́, àmọ́ ìró ló ń sọ ìgbà tí wákàtí náà bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ GPS ń kọ ránṣẹ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, bí ó sì ṣe ń pẹ́ tó lè yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Lílù PPS kì í pẹ́.

Àwọn ẹ̀rọ GPS olówó pọ́ọ́kú kan wà lọ́jà tí wọn kò yọ ẹnu PPS síta. Ẹni tó ra irú rẹ̀ á ní aago, ṣùgbọ́n kò ní péye tó bí ó ṣe yẹ. Kí ó tó sanwó, kí ó wò ó bóyá wọ́n kọ PPS sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tí ó bá di pé kó so wọ́n pọ̀, ẹnu tí GPS fi ń sọ̀rọ̀ ló máa lọ sí etí tí kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́, ìyẹn TX sí RX. Ẹnu kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹnu. PPS lè lọ sí ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GPIO 18, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Agbára iná tó ń wọ ẹsẹ̀ Raspberry Pi wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ ju fóòtì 3.3 lọ, torí pé fóòtì 5 lè jó o.

Ibo ni kí áńtẹ́nà wà?

Àmì tó ń bọ̀ láti ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ máa ń rẹ̀ gan-an kó tó dé ilẹ̀. Páànù òrùlé á dí i pátá, dẹ́kì kọnkéré náà á dí i. Ẹni tó gbé áńtẹ́nà sí ojú fèrèsé, ìdajì ojú ọ̀run ló ń rí. Igi máńgòrò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sórí ewé rẹ̀ náà máa ń dí i lọ́wọ́.

Àmọ́ páànù kan náà tó ń dí i nísàlẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́ lókè. Áńtẹ́nà pẹlẹbẹ yìí máa ń gbọ́ dáadáa tí irin bá wà lábẹ́ rẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì sì wà ní ìdí ọ̀pọ̀ wọn, ó máa ń lẹ̀ mọ́ páànù onírin. Páànù alumíníọ̀mù kò ní fa mágnẹ́ẹ̀tì, nítorí náà onílé á nílò irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ fún un.

Kí áńtẹ́nà má ṣe jẹ́ ohun tó ga jù lórí ilé, nítorí àrá. Kí wáyà rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ wá sísàlẹ̀ kó tó wọ inú ògiri, kí omi òjò má baà tọ̀ ọ́ wọlé. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ adènà àrá sí ẹnu ibi tó ti ń wọlé, kí wọ́n sì so ó mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ oníná tó mọṣẹ́ ni èyí, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Wáyà gígùn máa ń jẹ nínú agbára àmì, nítorí náà kí ó má gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti àkókò, wáyà 20 mítà á fi nǹkan bí ìdá 100 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá dá àmì dúró. Fún ilé, ìyẹn kò tó nǹkan.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí onílé ní sùúrù. Ó ń gba ìṣẹ́jú 12 àtààbọ̀ kí sátẹ́láìtì GPS tó ka gbogbo ìwé rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé aago GPS fi ìṣẹ́jú àáyá 18 ṣíwájú UTC, bí ó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Aago tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ṣìnà ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, kò bàjẹ́. Ìwé ni kò tíì kà tán.

Tí iná bá lọ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí iṣẹ́ náà yàtọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Raspberry Pi tó ṣáájú ìkarùn-ún kò ní aago tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá pa á. Bí iná bá ti lọ, ó gbàgbé nìyẹn. Ìkarùn-ún ní aago, ṣùgbọ́n wọ́n á ra bátìrì rẹ̀ lọ́tọ̀.

Fún àwọn tó ṣáájú, aago kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní DS3231 tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Ó ń tọ́jú àkókò títí iná á fi dé, títí GPS á fi tún gbọ́ ohùn lókè.

Ohun tó sàn jù ni kí iná má lọ lórí rẹ̀ rárá. Iná tí kọ̀ǹpútà kékeré yìí ń jẹ kò tó ti gílóòbù kan, nítorí náà ínfátà kékeré tàbí bátìrì sólà lè gbé e ró mọ́jú. Kí wọ́n má gbàgbé ráútà tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Bí sáfà bá wà láàyè tí ráútà kú, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ètò méjì tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó ló ń parí iṣẹ́ náà. Gpsd ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ GPS. Chrony ń fi ọ̀rọ̀ yẹn àti lílù PPS tún aago kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì ń dá àwọn ẹ̀rọ yòókù nínú ilé lóhùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ létòlétò, aago inú Raspberry Pi kò ní fi ju ìdá mélòó kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà.

Síbẹ̀, kí onílé má fi gbogbo ọkàn tán GPS nìkan. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí sáfà bá ní ẹlẹ́rìí kan péré, ohun tó bá sọ ni yóò gbà. Bí ó bá ní méjì tí wọ́n ń tako ara wọn, kò ní mọ ẹni tó ń parọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó fi ẹlẹ́rìí mẹ́rin, ó kéré tán, kún un láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Chrony á máa fi wọ́n wé ara wọn. Bí onílé bá tẹ "chronyc sources", á rí gbogbo ẹlẹ́rìí náà ní ìlà ìlà, ìràwọ̀ á sì wà níwájú èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí àmì x bá wà níwájú ọ̀kan, ẹ̀rọ ti kà á sí èké nìyẹn.

Irọ́ GPS kì í ṣe àlá. Ọ̀sẹ̀ ni GPS fi ń ka ọjọ́, tó bá sì ka ọ̀sẹ̀ 1,024, yóò padà sí òdo. Ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1999, ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ọdún 2019. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọn kò tún ètò inú rẹ̀ ṣe lè padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ọdún. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè ní àrùn yìí.

Ojú ọ̀run agbègbè yìí náà ní tirẹ̀. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba orí àríwá Nàìjíríà kọjá. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí ìkẹrin àti oṣù Kẹsàn-án sí ìkẹwàá, afẹ́fẹ́ tó ní iná nínú lókè réré máa ń dà rú, àmì GPS á sì máa ṣẹ́jú. Ẹni tó bá rí i pé áńtẹ́nà òun pàdánù sátẹ́láìtì díẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó sì padà rí wọn kó tó di òru, kó má sáré lọ ra tuntun.

Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí orí íntánẹ́ẹ̀tì á gbé aago ró. Ní ọjọ́ tí okùn abẹ́ òkun bá já, GPS á gbé e ró. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ṣé aládùúgbò lè lò ó?

Ó lè lò ó, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra. Nínú ilé Lokoja yẹn, kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kámẹ́rà méjèèjì àti ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán wọn sílẹ̀ kàn nílò kí wọ́n kọ àdírẹ́sì sáfà náà sí ibi ètò aago wọn. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ kò jáde nílé mọ́.

Ṣíṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní NTP Pool, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń fi sáfà wọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò. Sáfà tó wà ní Yúróòpù nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti Áfíríkà lọ fíìfíì.

Kí ilé tó lè dara pọ̀ mọ́ wọn, ó gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tí kì í yí padà. Ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù tí ilé ń lò kì í fún èèyàn ní irú rẹ̀. Yunifásítì, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti ilé-iṣẹ́ ìjọba ló yẹ kó gba iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ẹni tó bá sì ṣí i láìmọ ohun tó ń ṣe lè di irinṣẹ́ fún àwọn ọ̀daràn. Ní oṣù Kejì, ọdún 2014, àwọn kan lo sáfà NTP tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣọ́ láti fi da ìkún omi ọ̀rọ̀ lu ojú òpó ẹlòmíì. Ilé tó fi sáfà rẹ̀ mọ sínú ọgbà rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Kí ló kù?

Àwọn kan á sọ pé wàhálà yìí pọ̀ jù fún ohun tí fóònù ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ ìgbà tí òun máa jáde lọ síbi iṣẹ́, òótọ́ ni. Fún ẹni tó ń ṣe ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó, tàbí tó ń fi kámẹ́rà ṣọ́ dúkìá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Àkókò tí kọ̀ǹpútà ń lò, ẹnìkan ló ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí ọ̀nà tó ń gbà wá bá já, ẹni tí kò ní tirẹ̀ á bá ẹni tó já sọ́nà dúró. Òkun Abidjan kò ṣèlérí pé òun kò ní já okùn mọ́.

Ojú ọ̀run kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti gbọ́ ohun tó ń sọ, yálà ní Lokoja, ní Tamale tàbí ní Zinder. Áńtẹ́nà kékeré, bátìrì tó péye àti sùúrù ọjọ́ kan ló kù. Ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ètò ṣì ṣeé gbà sílẹ̀, ló yẹ kí wọ́n tò ó.